Íápíìsì Ẹgbẹ̀rún Méjìdínlógún

Ní Fáàmù Sẹ́ńtà, ní Kánò, lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bo orí ilé,
Sálísù gbé mẹ́ta kalẹ̀ sórí gíláàsì.
Èkíní, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta: "Ìyẹn á kú kó o tó délé."
Ẹ̀kẹta, àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún: ó yára dá a padà sínú páálí,
ó ti wo bàtà mi.
Èyí tó wà láàárín ló fi ìka tì sọ́dọ̀ mi,
ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, kò sí ẹ̀dínwó.
"Yallabai, ti ẹni tó mọ nǹkan ni."
Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe sanwó.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.
Ó tó kóró iṣin, àmọ́ kò dán bí iṣin;
dúdú ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú fọ̀ ni.
Rọ́bà mẹ́ta ló bá a wá, kékeré, àárín, ńlá.
Etí ọ̀tún mi gba àárín, tòsì gba kékeré.
Bí ti bàbá mi náà ṣe rí nìyẹn: etí òsì rẹ̀ há,
òun ló sì máa ń kọ sí ìyá mi
bó bá ń béèrè owó oúnjẹ.
Wáyà rẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn.
Bí mo bá ń rìn, tó ń ha bọ́tìnnì ẹ̀wù mi,
mo ń gbọ́ ọ gàràgàrà, bí eku lórí àjà.
Mo so ó mọ́ kọ́là. Ó dákẹ́ díẹ̀.

Ohùn rẹ̀ wá ńkọ́?
Ohùn ìsàlẹ̀ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀,
kì í ṣe bíi ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kọjá ní Sábọ́n Gàrí,
tó ń mi fèrèsé, tó ń jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun.
Eléyìí kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ohùn òkè mú jù: ẹnu akọrin ń ta ṣíọ̀ṣíọ̀
bí omi nínú epo gbígbóná;
bó bá di wákàtí kan, wàá yọ ọ́, wàá fọwọ́ ra etí.
Àmọ́ àárín, níbi tí ohùn ènìyàn ń gbé,
ibẹ̀ gan-an ló ti jẹ owó mi.

Mo fẹ́ dán an wò dáadáa.
Mo wá orin kan tí ẹgbẹ́ akọrin wa gbà sílẹ̀
lọ́dún kẹfà sẹ́yìn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò tíì ní àjà,
tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bá wa gbè é.
Mo ti gbọ́ ọ tó igba ìgbà lórí fóònù lásán,
mo ti fi yangàn pẹ̀lú: "Tẹ́nọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, èmi ni."

Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Mo gbọ́ ẹni tó ṣí ìwé.
Mo gbọ́ ẹnì kan tó gbé itọ́ mì kí ẹsẹ kejì tó bẹ̀rẹ̀.
Mo wá gbọ́ ara mi:
mo wà nísàlẹ̀ orin
bí ẹni tó jókòó sórí àpótí
níbi tí gbogbo ènìyàn ti jókòó sórí àga.
Orin ò bàjẹ́ ṣá. Ẹnì kan ni kò jẹ́ kí n bà á jẹ́.
Ní etí òsì, níbi rọ́bà kékeré,
Morádékẹ́ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi,
kí n má baà dá nìkan wà nílẹ̀,
lẹ́yìn náà ó gbé àwa méjèèjì gòkè.
Ọdún mẹ́fà. Kò sọ.
Ó ti wà ní Gúsáù báyìí, nílé ọkọ,
mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀ mọ́.

Bí Sálísù bá bi mí, n óò ní ọjà náà dára.
Wáyà á já níbi ọrùn kó tó pé ọdún méjì,
eruku ọyẹ́ ti ń wọ inú àwọ̀n rẹ̀,
àmọ́ kì í purọ́.
Bó bá jẹ́ akọrin ló wá rà á,
kí ó ta ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́ta fún un.

Ọjọ́bọ̀ ni ìdánrawò.
N óò kọ́kọ́ gbọ́ ná.